Ìròyìn Alẹ́ Nípa Mugi

Kazusa, ọmọ ọmọ mi,
o ní oṣù méjì péré ni, kí n bá ọ mójú tó o.
Oṣù kẹsàn-án rèé.
Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ilé wa ní Hakodate,
ọkọ̀ ojú irin tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tún ṣe
ń wọ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé, n kò yọjú wò ó mọ́.
Lìlí, àbúrò òòrẹ̀,
ẹran tí kò wúwo ju ọsàn méjì lọ,
èdè rẹ̀ ni mo ń kọ́ ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí i. Pòṣé.
Mo gbé oúnjẹ fún un. Pòṣé.
Mo pè é ní onígbéraga. Mo ṣì í kà.
Ìbẹ̀rù ni. Ẹ̀gún tó dìde níwájú orí
bí ìborùn tí a fà bo ojú,
ilẹ̀kùn tí a tì ni, kì í ṣe ìjà.
Ìjà ní ohùn tirẹ̀: ta! ta! bí àgbàdo nínú agbada,
a sì fò fẹ̀rẹ̀ láti gún ọ látẹ́lẹwọ́.
Ṣùgbọ́n bí ara bá tù ú,
gbogbo ẹ̀gún a sùn sẹ́yìn
bí koríko tí afẹ́fẹ́ òkun fọwọ́ pa lórí,
a máa kùn jẹ́jẹ́.
Mo kọ́kọ́ rò pé fíríìjì ni.

Lọ́jọ́ kan ó lá ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ mi, gírísì ṣì wà lára rẹ̀.
Ìfófòó bò ó lẹ́nu, ó lọ́ ọrùn kọ́rọ́kọ́rọ́,
ó ń tọ́ ọ sẹ́yìn ara rẹ̀.
Mo ti wọ bàtà tán kí n tó pe Dókítà Nishigori.
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí:
"Bàbá, òórùn yín ló ń fi pa ara."
Ìyá ìyá rẹ kì í jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ yẹn wọlé.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ àléébù bíréèkì:
Gíráàmù ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogójì.
Ìgbẹ́ dúdú, ó le. Ó dáa.
Ìgbẹ́ àwọ̀ ewé: wọ́n gbẹ́ títì lánàá, kò rí oorun sùn.
Ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Eruku ni àbí òtútù? Ẹ ṣọ́ ọ.
Kẹ̀kẹ́ ìsáré rẹ̀ yí títí di agogo mẹ́ta òru.

Alẹ́ tí ìjì mú iná lọ, kẹ̀kẹ́ náà kò dún.
Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jí mi.
Mo mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń dákẹ́ kó tó kú.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ń ta gbọ̀nọ́ngbọ̀nọ́n bí ọ̀mùtí,
ikùn rẹ̀ tutù bí òkúta etí òkun.
Dókítà ti sọ ọ́ fún mi: ilẹ̀ Áfíríkà ni baba ńlá rẹ̀ ti wá,
bí òtútù bá tàn án pé kó sùn,
ó lè má jí mọ́.
N kò fi omi gbígbóná kàn án.
Mo ṣí bọ́tìnnì mi, mo gbé e lé ikùn, tòun tẹ̀gún,
mo wọ kóòtù méjì lé e.
A jókòó sínú òkùnkùn.
Mo bá a sọ ohun tí n kò tíì bá ìyá rẹ sọ
láti ọjọ́ ìsìnkú. Kò dáhùn. Ó ń mí.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nǹkan gún mi lábẹ́ ìhà,
lẹ́yìn náà, pòṣé.
Pòṣé ńlá, Kazusa!
N kò gbọ́ ẹ káàárọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sọ fún ìyá rẹ, bí mo bá pòṣé lórí fóònù,
kó má tíì gbé e sílẹ̀.
Kí ìwọ náà fi aṣọ tí o fi sùn ránṣẹ́ ṣáájú,
kí Mugi lè tún mọ òórùn rẹ.
Kòkòrò rẹ̀ ti ń tán, ilé ìtajà ẹ̀bá ibùdókọ̀ sì ti kógbá.