Ṣòkòtò Múìbì

Iléyá ni mo rà á, ní Òkè-Fìà.
Kí ààwẹ̀ tó dé, ó ti gòkè dé ojúgun.
Ọmọ ń ga, aṣọ kì í bá a ga.

Àpò ìrẹsì mẹ́ta ló kún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru,
mò ń kọ́ ọjà tí kò ní ìsọ̀:
kí lo ní, kí lo fẹ́, ọmọ ọdún mélòó?
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un kọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún:
Ráfátù, láti Ìta Olóòkan.
Bọ́tìnnì kan ti já lára súwẹ́tà òun,
ṣé a lè jọ ṣe pàṣípààrọ̀?

Mo fọ̀ ọ́. Mo lọ̀ ọ́.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀:
bébà súìtì, òkúta wẹ́wẹ́ kan.
Mo yọ bébà.
Mo fi òkúta sílẹ̀.