Abala Keje

Abala keje nínú ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere:
èmi nìkan ni n ó ya fọ́tò lọ́jọ́ ìgbéyàwó,
ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà sójú.
Àrìnọlá buwọ́ lù ú ní Winnipeg,
lọ́jọ́ tí yìnyín bo títì;
kò tilẹ̀ kà á délẹ̀.

Àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe yọ kámẹ́rà àtijọ́ lápò kóòtù,
ọwọ́ ń gbọ̀n,
ó ń wá ojú ọmọ nínú gíláàsì kékeré.
Mo ti lanu.
Mo rántí abala keje. Mo rántí owó ilé.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so okùn bàtà
tí kò tú.
Abala keje ò ní kí ẹni tó ń so bàtà
máa wòkè.