Òkúta tí Ẹyẹ fi ń Fọ́ Ìgbín

Aago méje òwúrọ̀, mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀,
ẹsẹ̀ mi wú nínú bàtà tí ilé ìtọ́jú arúgbó fún wa.
Lẹ́yìn ibùdó bọ́ọ̀sì, ní ẹ̀bá Marlborough,
òkúta kan wà níbẹ̀ tí kò ju orí ọmọdé lọ,
ìkarahun fífọ́ yí i ká bí èèpo ẹ̀pà níwájú ọ̀lẹ.

Ìgbín ibí kéré. Ìyá mi ìbá rẹ́rìn-ín:
ṣé èyí náà ni ìgbín, ta ni yóò jẹ ẹ́ yó?
Ṣùgbọ́n wọ́n kọlà. Òmíràn kọ márùn-ún yípo ìkarahun
bí abàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà mi.
Òmíràn kọ ẹyọ kan. Òmíràn kò kọ rárá,
ó kàn pọ́n bí ìyeyè tó já lóru.

Mo bá ẹyẹ náà níbẹ̀, ẹyẹ aláyà tótòtó.
Ó gbé ọ̀kan lẹ́nu, ó là á mọ́ òkúta, kó!
Ó tún là á, kó! Ẹran bọ́ síta.
Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, àwa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀.
Lórí òkúta yìí ìgbín lọ,
ìkarahun ò rí ẹni tẹ̀lé.

Mo sọ ọ́ fún Mísísì Hathersage, yàrá kejìlá,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, tíṣà sáyẹ́ǹsì nígbà ayé ara rẹ̀.
Ó ní: “Lọ ka èyí tó fọ́. Kí o wá ka èyí tó kù láàyè.”
Mo kà á. Mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́.

Ní pápá, nínú koríko, bí-ìyeyè ló pọ̀ láàyè;
aláwọ̀ ilẹ̀ ló fọ́ sórí òkúta.
Lábẹ́ igi bíìṣì, níbi ewé gbígbẹ ti tẹ́ bí ẹní,
aláwọ̀ ilẹ̀ ló kù. Bí-ìyeyè dá yàtọ̀
bí àtùpà tí ẹnì kan gbàgbé láti pa.

Mo ní àwọn ìgbín yìí gbọ́n o,
wọ́n wo aṣọ tí ilẹ̀ wọ̀, wọ́n rán irú rẹ̀.
Ó mi orí lórí ìrọ̀rí.
“Rárá, Mópì.” (Mopélọ́lá ni mí, ahọ́n rẹ̀ ò dé ibẹ̀.)
“Kò sí ìgbín kan tó pa àwọ̀ dà.
Bí wọ́n ṣe bí i náà ló ṣe kú.
Èyí tí ojú ẹyẹ rí kò bímọ mọ́.
Èyí tí ojú ẹyẹ fò dá ló bí, ọmọ sì jọ ọ́.
Tún un ṣe fún ẹgbẹ̀rún ọdún.”
Ta ló ń yàn wọ́n nígbà náà?
“Kò sẹ́ni tó ń yàn. Ebi ló ń pa ẹyẹ.”

Mo dákẹ́, mo ń ká aṣọ ìnura tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.
Mo rántí Ìbíkúnlé àbúrò mi,
tó ń fòní kú fọ̀la dìde
títí ọ̀la kan fi yẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ AS ni tèmi. AS ni ti ọkọ mi.
Dókítà ní Swindon ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́:
nílé wa ẹ̀fọn ni ẹyẹ, ibà ni òkúta;
ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré, ibà tètè rí i,
ọmọ tó gba ti ìyá gba ti bàbá, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pa á,
èyí tó wà láàárín ni koríko bò.
Ìyá ìyá mi wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibí ò gbé ibà.
A gbé àwọ̀ pápá wọ abẹ́ igi bíìṣì.

Lẹ́tà ọsibítù wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì ya á.
Lówùúrọ̀ yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
ìgbín kan ń wọ́ kọjá lójú ọ̀nà, ẹyẹ ti bà sórí igi.
Mo gbé e, mo sọ ọ́ sínú igbó.
Mi ò wo àwọ̀ rẹ̀.