Ẹ Gbọn Ìgò Kí Ẹ Tó Lò Ó

Ní Minna, lẹ́bàá réluwéè, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn Alájì Gàníyù,
Táíbátù a máa ka hóró oògùn ní márùn-ún márùn-ún,
ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwo funfun níwájú,
kò ní gbójú sókè bí ọkọ̀ ojú irin tilẹ̀ ń fọn fèrè.
Èmi ni mo ń gbálẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè.

Obìnrin Gwárí kan wá láti Máíkúnkélé,
ìdì igi léjìká, bí wọ́n ṣe ń rù ú,
ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná bí ààrò.
Kò mọ̀wé. Táíbátù ya oòrùn sára àpò oògùn,
ó ya òṣùpá sábẹ́ rẹ̀,
ó fa ìlà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá.
"Na gane," ni obìnrin náà wí. Ó ti yé e.

Lọ́jọ́ tó da páálí oògùn tó ti kọjá ọjọ́ sí ṣáláńgá,
Alájì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.
"Owó mi lo dà nù yẹn!"
Táíbátù ní, "Ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù mi."
Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́.
Oṣù mẹ́rin gbáko la fi jọ mu gààrí nínú ife kan.

Ó lọ sílùú òyìnbó. Ó tún ìwé kà, ó tún ìdánwò ṣe,
ó dúró sẹ́yìn káńtà níbi tí yìnyín ti ń bọ́,
ó ń gbọ́ ikọ́ àwọn arúgbó.
Ẹni tó ń gbọ́ ikọ́ ìlú ni yóò mọ ohun tó ń jẹ ìlú.
Ọmọ mi ló rí i lórí fóònù:
ìbò mọ́kànlélógójì ló fi ju ẹnìkejì lọ,
wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yún un!
Ká ní wọ́n gbé àwo funfun fún un ni,
márùn-ún márùn-ún, ilẹ̀ kì bá tí mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Báyìí, gbogbo àdúgbò ló tọ́ ọ dàgbà.
Ẹni tó ń ta súyà ní òun ló kọ́ ọ ní Haúsá.
Ọmọ Alájì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù,
ó ní bàbá òun ló kọ́ ọ ní òtítọ́.
N ò sọ nǹkan kan. Ìgbálẹ̀ kì í jẹ́rìí ní kóòtù.

Wọ́n ní ó dìde nílé ìgbìmọ̀ lóṣù tó kọjá,
ó kọ̀, kò dìbò fún òfin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an gbé wá,
pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀.
"Ẹ gbọn ìgò yìí ná," ó ní, "kí ẹ tó fún aráàlú mu."
Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bínú. Wọ́n ní yóò jẹ ìyà rẹ̀.
Mo rántí ṣáláńgá.
Mo rántí gààrí.

Ìwé gbèsè náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, èkúté ti jẹ etí rẹ̀.
Lójú ewé kan, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi:
"Ìyá ọlọ́mọ, Máíkúnkélé, ọgọ́fà náírà. Ẹ má sin ín lówó."
Ó ya oòrùn kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.