Owó Ibùsùn

Ẹ̀rọ yìnyín mẹ́fà ló wà ní èbúté Puyinke.
Méjì ń ṣiṣẹ́. Mẹ́rin ń sùn,
tapólì bò wọ́n bí òkú tí ò lẹ́bí.
Don Eleuterio ló ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
òun náà ló ni ọ̀nà tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́ o.
Mo ti gba ẹ̀yìn yọjú wò wọ́n, epo ṣì ń dán lára wọn.
Ọkùnrin náà ti ṣírò rẹ̀ délẹ̀:
bí yìnyín bá ṣọ̀wọ́n, yìnyín á wọ́n.

Ẹja kì í dúró de ìṣirò.
Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejì,
Lautaro ọkọ mi kó ẹja merlúsà bọ̀, àpótí méjìlélógún.
A ra yìnyín tí owó wa ká,
a da ìyókù padà sínú òkun tó fún wa.
Ẹyẹ òkun nìkan ló jèrè ọjọ́ náà.

Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn á bá a wí:
owó-orí lórí gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá tà.
Háà! Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu wọn
tí Don fi gbé e kúrò lórí ara rẹ̀.
Ẹ̀rọ kan tún sùn. Ó ku ẹyọ kan.
Owó-orí, orí ta ni?
Orí ẹja ni, àti orí tèmi.

Ìgbà náà ni Rosalba Nahuelpán dé,
ọmọbìnrin tín-ín-rín, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
Kò béèrè èrè, kò béèrè iye tí wọ́n tà.
Ó ń ṣí tapólì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀:
"Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́.
Èyí tó bá ń sùn, kó sanwó ibùsùn."

Owó ibùsùn! A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wa.
Don pe lọ́yà méjì. Ó ní ohun ìní òun ni,
ta ní ń sanwó lórí oorun?
Rosalba ní, "Ẹja tó rà ti ń san án tipẹ́."

Kò di olóore. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́.
Èrè ṣì ń wọlé fún un,
kò sì kí mi dáadáa látìgbà náà.
Ó kàn tún ìṣirò rẹ̀ ṣe ni.

Lóru báyìí, ẹ̀rọ márùn-ún ló ń kùn pọ̀.
(Ìkẹfà bàjẹ́ lóòótọ́.)
Ariwo wọn ò jẹ́ kí n fojú kan oorun.
Mo dùbúlẹ̀ ti Lautaro, mo ń ka búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń já bọ́,
gbàmù,
gbàmù,
n ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó pa á.