Sìlíńdà Kẹta

Pàǹtéká la ti ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá.
A bọ́ karawun rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń rọ ìkòkò,
a gbé ọkàn rẹ̀ wá sí Sàmárù,
a dè é mọ́ imú ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà kàn:
igi, aṣọ, gọ́ọ̀mù,
àti owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi ò tíì dárí rẹ̀ jì mí.
Ẹyẹ kankan kò yá wa ní ìyẹ́. A ra tiwa.

Ó ń jí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.
Bí kò bá jí rárá, ǹ bá mọ̀ pé ó kú.
Láàárọ̀ ọyẹ́, tí ètè ń là, tí ọwọ́ ń họ,
Habila á yí abẹ̀bẹ̀ onígi lẹ́ẹ̀kan,
á yí i lẹ́ẹ̀kejì,
ó ti dún, tù-tù-tù-tù, bí ẹni tó jẹun yó.
Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n ti ọ̀pá epo síwájú,
jẹ́ kí n ní, ó yá, fà,
á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò:
tù-tù, pá! tù-tù, pá!
Dógóyárò tí a so ìrù rẹ̀ mọ́
á gbọn ewé gbígbẹ lé wa lórí,
àwọn ọmọ tó fẹ̀yìn ti ògiri á bú sẹ́rìn-ín.

A ní epo ni. A fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
A ní púlọ́ọ̀gì ni. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
a fi páálí sìgá díwọ̀n àlàfo ẹnu wọn.
A ní mágínẹ́tò ni. Mo tú u sórí ẹní,
mo pàárọ̀ kòndẹ́nsà,
mo fọwọ́ kan ẹnu waya,
ó ta mí láti ìka dé eyín.
Ẹni tí iná ta bẹ́ẹ̀ kò lè ní iná kò sí.

Iná wà. Níbo ló ń lọ?

Habila bu omi sẹ́nu,
ó ń tu ú sára páìpù èéfín lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ti kìíní hó, ó gbẹ. Ti ìkejì hó.
Ti ìkẹrin pariwo bí epo tó rí àlùbọ́sà.
Ti ìkẹta, omi jókòó sí i, ó ń wò wá.

Malam Tanimu onílé ká tẹ̀sùbáà rẹ̀,
ó ní “Sai da safe”, ó wọlé.
A tún tan ẹ́ńjìnnì lábẹ́ gílóòbù.
Ibi tó ti ń kólòlò lọ́wọ́
ni àwọn oníná mú iná wọn lọ.

Habila ní, “Ọ̀gá, ẹ pa á!”
Mo nawọ́. Mo dúró.
Lára waya ìkẹta,
níbi tí mo ti fi ìdè irin kékeré dì í
kó lè rí nigín-nigín lójú àlejò,
ohun búlúù kan ń fò,
tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn,
láti ara waya sí ara irin, láti ara waya sí ara irin.
Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, á lọ sílé rẹ̀.
Bí iṣẹ́ bá wúwo, á yà sọ́nà tó rọrùn.
Mi ò lè bá a jà. Èmi náà mọ ọ̀nà yẹn.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi tan gílóòbù wá a.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo fi èékánná wá ojú rọ́bà tó là,
kò tó irun ìpéǹpéjú.
Èmi ni mo dì í le.
Habila dákẹ́ títí, ó wá ní,
“Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé òkè la wà ńkọ́?”

Mo ń táràrà kiri nínú òkùnkùn,
mo ń wá ṣúkúrúdíráfà
tó wà lọ́wọ́ mi.