Ṣọ́ọ̀kì Lára Mọ́tò

Ní Ládípọ̀, ní Mùṣín, níbi tí mo ti ń lu ara mọ́tò bọ̀ sípò
láti ọdún tí Akínpẹ̀lú wà ní kíláàsì kẹta,
irin nìkan ni èdè tí mo rò pé ó kù fún mi láti gbọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni ó fà á.
Lukas Ọlátẹ́jú, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní Kaunas,
níbi tí omi ti ń dì lójú ọ̀nà bí ọ̀rá lórí ọbẹ̀ àná.
Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ,
alẹ́ ni ó sì máa ń fi í kí mi.
Èmi náà kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀.
Ohun kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì jọ mọ̀:
ó ní mọ́tò oníke mọ́kànlélógún nínú páálí bàtà,
a sì máa gbé wọn wá sójú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń kó oníbàárà wá bá mi.

Mo ní kí bàbá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.
Ó fi ránṣẹ́. Mo wá ṣọ́ọ̀kì.
Mo kọ balta sára Kòrólà funfun Alhaji Múdà,
mo kọ juoda sára Họ́ńdà dúdú tí imú rẹ̀ rún ní Òṣòdì,
mo kọ raudona sára ilẹ̀kùn pupa kan tí kò ní mọ́tò mọ́.
Sùnmọ́nù, ọmọṣẹ́ mi, bi mí pé ṣé owó iṣẹ́ ni.
Alhaji ní kí n tètè nu tòun kúrò,
ó ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwa a máa pe nǹkan ká tó pe ìrísí rẹ̀:
mọ́tò ná, kí ó tó kan pupa;
ilé ná, kí ó tó kan gíga.
Ní tiwọn, àwọ̀ ni ó ń ṣíwájú.
Raudona mašina:
pupa ti dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
o kò tíì mọ̀ bóyá ata ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ni,
kí mọ́tò tó rọra wọlé tẹ̀ lé e.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo yí i padà sí tiwa,
mo ní mašina raudona.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga.

Ti akọ àti abo ni ó wá dà mí láàmú.
Bí o bá pe mọ́tò ní mašina, obìnrin ni,
nauja mašina, mọ́tò tuntun.
Bí o bá pe ọ̀kan náà ní automobilis, ó ti di ọkùnrin,
naujas automobilis,
ìrù kékeré kan a sì hù sí ìdí tuntun.
Mo wo Sìẹ́nà tó wà níwájú mi,
mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.
"Ó ti kú" ni èmi máa ń sọ fún ẹ́ńjìnnì,
"ó" náà ni fún ewúrẹ́, fún òjò, fún àbúrò mi obìnrin.
Mo pe Akínpẹ̀lú.
Ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."
Ó ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ òru ni ó ti ń bọ̀.

Oníbàárà kan rí pigi lára bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀,
ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ọ̀pọ̀ ni, ọjà tí owó rẹ̀ kò wọ́n.
Mo ní ó túmọ̀ sí "ó le bí òkúta."
Ó dúpẹ́.

Lánàá ni mo gbé fóònù lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
síbi tí Pijó mi wà, tí koríko ti gba fèrèsé rẹ̀ jáde,
èyí tí mo fi gbé ìyá Akínpẹ̀lú lọ bí i.
N kò wo ìwé. Mo ní mano sena mašina.
Mọ́tò mi àtijọ́.
Ọmọ náà dákẹ́.
Ìka rẹ̀ bo gbogbo ojú fóònù.
"Sena," ni ó wí. Ó sì nà án sí mi:
"Senelis."
Mo rò pé ó bú mi pé mo ti gbó.
Bàbá rẹ̀ ní rárá, bàbá àgbà ni.
Àgbà wà nínú rẹ̀, bí ó ti wà nínú tiwa,
tiwọn níwájú, tiwa lẹ́yìn.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí n tó dáhùn.

Sùnmọ́nù ti po ọ̀dà, ó ń dúró,
ó ní ṣé kí òun kun ilẹ̀kùn pupa yẹn báyìí.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná.